Ìwé Òkè Olómi Tí Mo Mú Lọ sí Ilẹ̀ Faransé

Ilé Ọmọ́ṣọlá,
Marks Gate, ní Dagenham,
London.

Adéyanjú ọmọ mi, Àkànbí ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ Èkó, mo kí ìyàwó rẹ kú ìtọ́jú ilé, mo kí àwọn ọmọ kú ẹ̀kọ́. Olúwa tó gbé mi wá síbí láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú yóò máa sìn yín jáde, yóò sì máa sìn yín wọlé. Ara mi yá. Ọmọ́ṣọlá àbúrò rẹ ń tọ́jú mi dáadáa, àfi pé ìdájí ló máa ń jáde lọ sí ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́, á wá fi èmi àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru sílẹ̀. Mo máa ń kí ẹ̀rọ náà láàárọ̀, torí òun nìkan ló máa ń dá mi lóhùn, á máa kùn hùn-ùn, hùn-ùn.

Mo rí ìwé títa Òkè Olómi tí o fi ránṣẹ́ sí mi gbà, mo sì rí ibi tí o fa ìlà sí pé kí n fọwọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nínú báàgì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. O ní àwọn tó fẹ́ rà á yóò fọ́ ọ fi ṣe títì, pé òkúta lásán ni, pé kò sẹ́ni tó ń gun òkè mọ́ ní Ayégúnlẹ̀, pé bàbá yín tó fi í sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kò ní bínú. N kò ní parọ́ fún ọ, mo ti mú bírò lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan láti fọwọ́ sí i. Ohun tó dá mi dúró ni pé Ọmọ́ṣọlá wọlé wẹ́rẹ́, ó ní kí n wá ká lọ gba físà, pé ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa ń lọ wo àwọn abúlé àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ ìwé náà ń bọ̀ níwájú.

Mo bi í pé èmi tí wọ́n bí sí abúlé, tí mo gbé abúlé fún ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí wọ́n wá fi bàálù gbé kúrò ní abúlé, ṣé èmi náà ni kí n tún wá lọ wo abúlé? Ó ní, Mọ́mì, tiwọn yàtọ̀. Mo ní kí ló fi yàtọ̀, ṣé ewúrẹ́ wọn máa ń sọ̀rọ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń rìn mí nínú, mo fẹ́ rí i.

Ṣé o rí i, wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìka mi ní ọ́fíìsì físà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ sì ní ìlà ọwọ́ mi ti parẹ́. Mo ní ẹ̀gẹ́ ló pa á rẹ́, kó má bínú. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún, Ọmọ́ṣọlá fẹ́ kọ pé ìgbafẹ́, mo ní kò gbọdọ̀ kọ bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ pé mo fẹ́ lọ kí wọn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, bọ́ọ̀sì gbé wa ní Dagenham Heathway kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, iṣẹ́ kò jẹ́ kí Ọmọ́ṣọlá lè bá wa lọ. Obìnrin kan wà nínú fóònù awakọ̀ tó mọ ọ̀nà gbogbo ayé. Bí awakọ̀ bá ṣìnà, kì í bú u, kì í pòṣé, á kàn ní kó yí padà ni. Mo ní kí wọ́n bá mi kí i kú sùúrù, wọ́n ní kì í gba ìkíni. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì wọ inú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú irin wọ abẹ́ òkun, mo di ojú, mo ka Sáàmù mẹ́ta, ìgbà tí mo là á, màlúù ni mo rí tó ń jẹko nínú oòrùn.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Sístà Moṣọpẹ́ ló jókòó tì mí, Kùtọnu ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó gbọ́ Faransé bí ẹni ń mu omi. Ó kà á fún mi, ó ní wọ́n ń kí mi káàbọ̀ sí ilẹ̀ Faransé. Èmi! Èmi tí n kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Moṣọpẹ́ ní ilé iṣẹ́ fóònù ló ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Mo yọjú wo fóònù Wòlíì Sámúẹ́lì tó kó wa lọ, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Moṣọpẹ́ ní Wòlíì pa tiwọn ni. Mo ní ó dáa, ẹni tó bá kí mi káàbọ̀ sí ìlú rẹ̀, ó yẹ kí n dé ilé rẹ̀.

Adéyanjú, abúlé náà dára. Orí òkè ló wà, òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé, òdòdó wà lójú fèrèsé, wọ́n gbẹ́ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé sórí ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ti tó irínwó ọdún. Mo béèrè bóyá onílé ṣì wà láyé, Moṣọpẹ́ ní, ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ìgbín ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbé fún mi kò ju èékánná lọ. Mo ṣàánú wọn, mo sọ bí tiwa ṣe tóbi tó fún ẹni tó gbé e wá, ó rò pé irọ́ ni mo ń pa.

A wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Gbogbo àwa mẹ́tàdínlógójì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nílé Olúwa. Àwọn òyìnbó tó wá wòran bíi tiwa rí bàtà lọ rẹrẹ, wọ́n wo ara wọn lójú, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tiwọn. Ìgbà tí a fi máa jáde, bàtà ti dé ìdí kànga àárín abúlé. Ilẹ̀ òkúta yẹn tutù dé eegun mi.

Lẹ́yìn náà wọ́n mú wa lọ wo omi. A tò, a sanwó ní géètì, a gun àtẹ̀gùn, a wá rí omi tó ń tú jáde láti inú àpáta tó ń já sínú ihò kan. Gbogbo èèyàn gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí korobá kan ṣoṣo. Mo bi Moṣọpẹ́ pé ta ló ń pọn ọ́n, ó ní kò sẹ́ni tó ń pọn ọ́n, wíwò lásán ni. Omi yẹn kò tó ti Òkè Olómi! Tiwa ga jù ú lọ. Ìdí omi wa ni bàbá rẹ ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ ràn mí lẹ́rù, ó sì da gbogbo korobá náà sí mi lára. Mo rántí, mo wá rántí ìwé tó wà nínú báàgì mi, mo sunkún. Wòlíì Sámúẹ́lì rò pé ẹ̀mí ló gbé mi, ni wọ́n bá dá orin.

Mo ní kí Moṣọpẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. A ti wọ ìlú rẹ̀, a ti tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, a ti wo omi rẹ̀, a kò sì tíì kí i, ìwà olè nìyẹn. A bá a ní ọ́fíìsì kékeré kan tí àsíá wà lórí rẹ̀, ó wọ jíǹsì, erùpẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ torí òdòdó ló ń gbìn. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo rí iṣẹ́ ìkíni rẹ̀ gbà lórí fóònù. Lòun náà bá kúnlẹ̀. Moṣọpẹ́ ló fa àwa méjèèjì dìde. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá tí òun ti wà lórí oyè, ọ̀pọ̀ èrò ló ń wá ya fọ́tò, pé kò sẹ́ni tó tíì wá kí òun rí. Ó jẹ ìpékeré tí mo dín lọ. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ilé tó ṣófo pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbé lọ, àwọn ọmọ tó ti lọ sí ìgboro ló padà wá tún un ṣe.

Ó bi mí nípa abúlé tèmi. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu Moṣọpẹ́ kò gbé e. Mo wá bébà nínú báàgì, èyí tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo yí padà, mo fi bírò ya òkè wa sẹ́yìn rẹ̀, mo ya omi, mo ya ọ̀nà, mo ya ilé bàbá rẹ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n fọwọ́ sí i, kí àwọn èèyàn lè mọ ẹni tó yà á. Mo fọwọ́ sí i. Ó lu òǹtẹ̀ ìlú rẹ̀ sí i, ó sì fi ìṣó kékeré mẹ́rin kàn án mọ́ ògiri. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti mọ̀ pé ìwé rẹ ni. Má bínú, Àkànbí, mo fọwọ́ sí i bí o ṣe wí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí. Ojú tí ọ̀rọ̀ títà wà ló kọ sí ògiri báyìí. Má fi òmíràn ránṣẹ́. N kò tà á mọ́.

Baálẹ̀ náà ní òun máa wá wò ó nígbà ẹ̀rùn. Nọ́mbà rẹ ni mo fún un, torí ìwọ lo wà nítòsí pápá bàálù. Bí fóònù bá dún tí o kò gbọ́ ohun tí onítọ̀hún ń sọ, òun ni, ṣáà máa sọ pé ẹ káàbọ̀. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí Irewọlé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kó bá wa ro ọ̀nà òkè, kó fi òkúta tẹ́ àtẹ̀gùn, kó sì kan bẹ́ǹṣì kan sídìí omi. Tí ó bá ṣẹ́ kù, kó kun ilẹ̀kùn wa, èmi gan-an ni màá gbẹ́ ọdún sí i.

Olúwa yóò bù sí àpò tí o ti mú un, ilé rẹ kò ní ṣófo, àwọn ọmọ rẹ kò ní jìnnà sí ọ. Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún Ọmọ́ṣọlá. Ọkùnrin yẹn bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, pé ṣé wọ́n ṣì ń gun òkè náà. Mo ní wọ́n ń gùn ún, pé gbogbo ọdún ni ọmọkùnrin mi ń wá láti Èkó. Ọdún kẹsàn-án rèé, Adéyanjú. Wá bá mi sọ ọ́ di òótọ́ kó tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.