Ìdágbére Tí Wọ́n Ṣe fún Ẹni Tí Kò Lọ

Ojúlé Kẹtàlá,
Òpópónà Adémidé,
Ire-Akari, Ìsọlọ̀,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹjọ, Ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí,
Ilé-Iṣẹ́ Ìfọṣọ Funfun Báláú,
Àjàó Estate,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ BÍ MÁNÍJÀ ṢE Ń FI ỌGBỌ́N LÉ MI KÚRÒ LẸ́NU IṢẸ́

1. Èmi ni alábòójútó ẹ̀ka aṣọ lílọ̀ ní ilé-iṣẹ́ yín, níbi tí a ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Ọdún kọkànlá mi rèé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi tó yín létí pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. N kò fi í sílẹ̀ o. Lóòótọ́, wọ́n ti jẹ kéèkì ìdágbére mi tán, èmi náà sì jẹ níbẹ̀.

2. Láti oṣù kẹfà ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúadé, máníjà wa, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi. Ó ní ó ti rẹ̀ mí, kí n lọ sinmi, kí n máa ṣòwò. Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó rẹ̀ mí. Nígbà tó yá, ó mú Diamond, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wá pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kọ́ ọ, ọmọ dáadáa ni. Bó ṣe mọ iṣẹ́ tán ni àga mi di àwátì. Wọ́n ní wọ́n gbé e lọ tún ṣe. Àga tí kò ṣẹ́! Mo gbé àpótí ìdáná mi wá láti ilé, orí rẹ̀ ni mo ń jókòó sí di òní.

3. Lẹ́yìn náà, máníjà gbé ìwé kan síwájú mi. Ìwé tí mo fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ó ní òun ti bá mi kọ ọ́ kó má baà ni mí lára, ìbuwọ́lù mi nìkan ló kù. Mo kà á. Nínú ìwé náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ máníjà gan-an. N kò buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin Ọ̀gá, òfin yín ni pé a kò gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ yín gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èmi kò sì ní ẹjọ́ kankan lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí máníjà fi fẹ́ kí n lé ara mi.

4. Àṣà wa ni pé bí ẹnì kan bá ń lọ, gbogbo wa a dáwó, a ó ra kéèkì àti ẹ̀bùn, a ó sì gbàdúrà fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kúnbi tó ń gba owó náà wá bá mi. Mo bi í pé ta ló ń lọ. Ó ní òun náà kò mọ̀, máníjà ní kí á má tíì sọ. Mo dá tèmi lójú ẹsẹ̀. Mo tún bá àwọn tó ń fà sẹ́yìn wí, pé ahun ṣíṣe sí ẹni tó ń lọ kò dára.

5. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ léèsì mi. Wọ́n ṣí kéèkì, orúkọ mi ni mo rí lórí rẹ̀. Wọ́n tú ẹ̀bùn, aago ògiri ni, fọ́tò mi wà láàárín rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Ayọ̀mikún tó ń ṣọ́ géètì wa gbàdúrà fún mi tomijé-tomijé. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Mo ṣe àmín. Àwọn àgbà ní ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para lọ jókòó sídìí iná. Èmi fepo para, mo sì tún dá nínú owó epo. Ohun tí máníjà gbójú lé ni pé ojú á ti ẹni tí wọ́n ti dágbére fún láti padà wá. Ojú tì mí lóòótọ́. Mo délé, mo sunkún. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ní Òṣòdì ti kógbá sílé, iṣẹ́ yìí nìkan la fi ń jẹun.

6. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Ayọ̀mikún rí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Wọ́n ti ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n wọlé bí òṣìṣẹ́ mọ́. A jọ rò ó, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé àlejò. Àlejò ni mí lónìí náà, mo sì bá wọn lọ aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Diamond bẹ̀ mí pé kí n jókòó sórí àga òun, mo ní kó fara balẹ̀, àpótí tó mi. Aago ògiri wa ti kú tipẹ́, nítorí náà mo gbé tèmi kọ́ síbẹ̀. Ojú mi ni gbogbo wọn ń wò báyìí kí wọ́n tó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lọ sílé, máníjà pẹ̀lú.

7. Mo bẹ̀ yín, bí mo bá ṣẹ̀, ẹ pè mí, kí ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún mi. Bí n kò bá ṣẹ̀, ẹ pàṣẹ kí wọ́n dá àga mi padà, kí Bàbá Ayọ̀mikún sì yé kọ mí sílẹ̀ bí àlejò. Bí ìgbìmọ̀ bá wá rò ó títí, tí ẹ rí i pé ẹlòmíràn ló yẹ kó lọ, tọkàntọkàn ni n ó fi dáwó kéèkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ òun náà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi ṣì ni tiyín,

Bàṣírátù Ọlálérè (Ìyáàfin),
Alábòójútó, Ẹ̀ka Aṣọ Lílọ̀.