Epo Ọdọọdún ní Erinje

Akínsànyà àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Mildred ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó o fi ránṣẹ́ ti dé, ara Màmá sì ti ń le.

Ṣùgbọ́n ìwé fíìmù tó o kọ nípa Bàbá ti sú mi. Mo ń kà á fún Màmá lánàá. Nínú rẹ̀, Bàbá fi àlejò méjì tí àwọn sójà ń wá pamọ́ nígbà ogun abẹ́lé, ó fi ọgbọ́n darí àwọn sójà lọ síbòmíràn, gbogbo ìlú sì ń pàtẹ́wọ́. Màmá dá mi dúró.

"Ibòmíràn wo? Ilé Ẹniìtàn aládùúgbò wa ni. Wọn ò bá àlejò kankan níbẹ̀, wọ́n bá mú òun fúnra rẹ̀ lọ. Kò padà wá mọ́."

Àṣé ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní Erinje lọ́dọọdún. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹbí wa ni.

Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní èmi ni Bàbá. Ìwọ náà ò mọ̀, síbẹ̀ o ti ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kí Olúwa ṣọ́ ilé rẹ. Màmá ní ìwọ ni yóò gbé epo ọdún yìí lọ. Ka ibi ìpàtẹ́wọ́ yẹn fún ọmọ Ẹniìtàn kó o tó ya ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Tinúọlá