Télọ̀ Tí A Ò Jẹ́ Kó Kú

Ọjọ́ Ajé, 5 Èrèlè 2024
Ìwé dé. Dírẹ́bà Oǹdó fi lé mi lọ́wọ́ ní gáréèjì Àkúrẹ́, nínú ọ̀rá búrẹ́dì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa lórí Wáásáàpù — ta ló ń ra ìwé nígbà tí ìrẹsì ti di oúnjẹ olówó? Ẹni tó bá kàn á ka orí kan sókè, á fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, á sì dá ìwé padà fún dírẹ́bà. Òfin wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka iwájú.

N kò tíì jókòó tí Bàbá Tíṣà fi béèrè Adépọ̀jù. (Bàbá Bọ́láwálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì l'Óǹdó.) Adépọ̀jù ni télọ̀ inú ìwé náà. Ahun ni, ẹnu rẹ̀ kò dáa, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Èrèlè
Ìjà. Akínlolú ará Ìjù — Alátakò lèmi ń pè é — ní kí òǹkọ̀wé tètè pa télọ̀ yẹn kí ìtàn lè máa lọ. Mary ní kí Akínlolú fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ lọ kú ná. Mary tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn n'Ígbàrà-Òkè, òun ni Kọ́sítébù wa, òun ló ń ṣọ́ òfin. Ló bá fi òfin mú ara rẹ̀, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí èébú. Mo rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì l'Álágbàká títí ọ̀gá fi bojú wò mí.

Ọjọ́rú, 7 Èrèlè
Bàbá Tíṣà pè mí. Àwọn dókítà rí kókó kan nínú ikùn rẹ̀, wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ l'ọ́jọ́ Ajé. Kò fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ń bà á — bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, odidi àgbàlagbà. Ó ní kí n tètè ka orí tèmi, pé bí Adépọ̀jù bá dìde, òun náà á dìde lọ. Ó fi ẹ̀rín sí i. N kò rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀
Mo ṣí orí tèmi. Adépọ̀jù kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Èrèlè
Mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ — Ọlọ́run dárí jì mí — mo ní télọ̀ lajú, ó ń béèrè ẹni tó gbé àlùmọ́gàjí òun. Ìyókù, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, kò sí nínú ìwé. Inú ẹgbẹ́ dùn dé góńgó. Bàbá Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ kan péré: ó ń di ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta
Ìwé ti dọ́wọ́ Mary. Ó pè mí tìbínú-tìbínú: ìsìnkú ló wà nínú orí tòun, ta ni kí òun wá sin? Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà fún un. Ó ní láti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé òun lórí, òun kì í purọ́. Ó gé fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Èrèlè
Kọ́sítébù purọ́. Télọ̀ rán yunifọ́ọ̀mù fún odidi ilé-ìwé, ó tún bá ọ̀gá ilé-ìwé jà. Alátakò ní ó ti ń rẹ òǹkọ̀wé yìí, pé orí yìí ti ní àsọjù. Inú bí Mary. Ó pè mí, ó ní ṣé kò dùn ni? Mo ní ó dùn.

Ọjọ́ Ajé
Wọ́n ti gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkan jà. Alátakò pàápàá ń gbàdúrà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Ó jí. Ọpẹ́olúwa ọmọ rẹ̀ ló pè. Mo fi fáìlì bojú, mo sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Èrèlè
Bàbá ti délé, ó ní òun ló kàn láti kàwé. Mary ní dírẹ́bà ń ṣàìsàn, kí ìwé má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá ní kò burú, ó rán Ọpẹ́olúwa lọ gbà á. A gbé.

Ọjọ́rú, 28 Èrèlè
Ohùn Bàbá Tíṣà dé. Kò ka orí tirẹ̀. Ó padà sí tèmi, ó ka ikú Adépọ̀jù láìfo ọ̀rọ̀ kan, ó ka ìsìnkú náà tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ èmi àti Mary. Ó ní ẹ jẹ́ kí bàbá náà sinmi wàyí. Ó ní ọjọ́ tí mo kà á lòun ti mọ̀ pé ó kú: òun gbọ́ bí mo ṣe ń ṣí ojú ìwé, nígbà tó yá òun kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ní òun jókòó ti fóònù, òun ń sọ fún ara òun pé, bí àwọn ọmọ yìí kò bá fẹ́ kí n kú tó báyìí, ó yẹ kí n lọ.