Dádì, A Ti Ta Ọkọ̀ Alága Méjì Yẹn

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti ta ọkọ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an, bí ẹ ò bá tíì mọ̀.

Kò sí ẹni tí ọkọ̀ yẹn yé nínú ilé wa nígbà tí ẹ rà á. Lọ́rì la mọ̀ mọ́ yín, lọ́rì tó ń kó tòmátì àti tàtàṣé láti òkè Ọya wá sí Mile 12. Ọkọ̀ tí kò bá lè ru ẹrù, ẹ kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àfi bí ẹ ṣe ta lọ́rì tó kẹ́yìn, tí ẹ wá gbé ọkọ̀ eré aláwọ̀ ìyeyè kan wálé, tó fàyà balẹ̀ bí aláǹgbá, ilẹ̀kùn méjì, àga méjì. Àwọn ará àdúgbò ní Ìkòsì ń yọjú wò ó lẹ́nu géètì. Bùọ̀dá Ràṣídì bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ń fi aṣọ funfun nu gíláàsì ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Dádì?

Lẹ́yìn tí ẹ kú, Bùọ̀dá ní ká tà á kíá. Ó mú Ọ̀gá Sẹ̀míù wá, tó ń ta irú àwọn ọkọ̀ olówó ńlá bẹ́ẹ̀, kó wá wo iye tó lè pa. Ọ̀gá Sẹ̀míù yí i ká títí.

"Ẹ wò ó," ó ní, "irú ọkọ̀ yìí, ọjọ́ tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á ni owó orí ẹ̀ ti já. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń burú jù. Tó bá yá, á dúró sójú kan. Èyí tó tún máa ń gbówó lórí padà ni èyí tí wọn ò ṣe púpọ̀, tí ọ̀dà ara ẹ̀ ò yí padà, tí kò rìn jìnnà, tí ìwé tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ sì pé. Tiyín yìí ò pọ̀ nílẹ̀. Ẹ bò ó, ẹ má wà á rárá. Gbogbo ibi tó bá rìn dé, owó ara ẹ̀ ló ń jẹ."

A fi tapólì bò ó. Mọ́mì kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sínú àpótí aṣọ wọn. Nígbà tí Ọ̀gá Sẹ̀míù padà wá, ó wo mítà, ó ní ká wá fojú ara wa wò ó. Ọkọ̀ náà ti rìn, kò sì rìn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tapólì wà lórí ẹ̀, okùn ẹ̀ wà bí a ṣe so ó.

Bùọ̀dá fẹ́ lé Lásísì tó ń ṣọ́ géètì. Lásísì búra pé òun ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ku èmi àti òun, ó sún mọ́ mi.

"Aunty, ọkọ̀ yẹn máa ń jáde ní Sunday. Mo máa ń ṣí géètì fún Bàbá."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa. Ta ló tún máa ń gbé ìgúnpá sójú wíńdò báyẹn? Mi ò dúró wo nǹkan míì. Tí mo bá ti ṣí géètì, mo máa ń dojú bolẹ̀ ni."

Ni mo bá kúrò nílé mi ní Mẹ́ńdè lọ́jọ́ Sunday kan, kété tí mo kírun àsùbá tán. Mo lọ dúró sẹ́yìn táǹkì omi nínú ọgbà yín. Ọkọ̀ yín wọlé, ó rọra ń bọ̀. Mọ́mì ló wà nídìí ẹ̀, Dádì. Mọ́mì tí gbogbo wa mọ̀ pé wọn ò lè wa ọkọ̀. Àga kejì ṣófo, ṣùgbọ́n wọ́n ti de bẹ́líìtì ẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n tú u. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n yí lọ ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n sì dúró, bí èèyàn ṣe ń dúró de àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra pa á dé.

Mo jáde sí wọn. Wọn ò ta gìrì.

"Bàbá ẹ ló kọ́ mi," wọ́n ní. "Ṣé o rò pé àwọn nìkan ló ń wa ọkọ̀ yìí lọ sórí afárá orí ọ̀sà nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn? Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ máa sọ mí di dírẹ́bà yín."

"Ojú yín ńkọ́, Mọ́mì?"

Ẹ mọ̀ pé ojú wọn ti ń ṣú kí ẹ tó lọ. Báyìí, tí wọ́n bá ń da omi, wọn ò mọ ìgbà tí ife kún.

"Mo ń rí títì. Kòtò tí mi ò bá rí, wọ́n máa ń sọ fún mi."

Mi ò bi wọ́n pé ta ló ń sọ fún wọn. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ àga kejì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oòrùn ò sì tíì yọ. Ṣé ẹ̀yin ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn kí wọ́n jókòó sílé?

Tí Mọ́mì bá ti tan ọkọ̀ yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pín-ín, pín-ín, bó ṣe máa ń ké fún ẹni tó jókòó tí kò de bẹ́líìtì, títí wọ́n á fi de ti àga tó ṣófo. Ọ̀gá Sẹ̀míù ní wáyà abẹ́ àga ló bàjẹ́. Ó tún un ṣe. Òun wọlé, ó wà á yí ọgbà ká, kò ké. Mọ́mì wọlé, ó ké. Ọ̀gá Sẹ̀míù kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo sunkún níwájú Mọ́mì. Mo ní ọmọ ẹlòmíràn lè sáré já títì níbi tí Dádì ò ti ní tètè sọ̀rọ̀.

"Ẹ wá ẹni tó máa rà á," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa wà á débẹ̀."

Mo kọ̀, ṣùgbọ́n tiwọn le ju tèmi lọ.

Dókítà eyín kan ní Mágódò ló rà á. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e lọ, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo ń wa ọkọ̀ tèmi tẹ̀ lé Mọ́mì lẹ́yìn. Níbì kan lẹ́yìn Kétu, omi bo gbogbo ojú títì. Mọ́mì yà sósì, wọ́n tún yà sọ́tùn-ún, wọ́n kọjá. Èmi lọ tààrà, táyà mi sì wọ kòtò gbàgà. Èmi tí ojú mi mọ́lẹ̀ kedere. Ta ló sọ fún wọn, Dádì?

Dókítà náà yọ owó nínú iye tí a ń retí, nítorí ohun tó rí nínú mítà. Bùọ̀dá ń ráhùn pé ká ní ọkọ̀ náà jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ tapólì ni, owó gidi ni ì bá mú wá lọ́jọ́ iwájú. Mọ́mì ti ṣí ilẹ̀kùn kejì.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," wọ́n sọ fún àga náà. "Ó ti di tiwọn."

Wọ́n dúró, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà ń wò mí, mo ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n sì rọra bá mi rìn lọ sídìí ọkọ̀ tèmi, wọ́n ń rìn bí ẹni tó di ọwọ́ èèyàn mú.

Ẹ̀yìn ni wọ́n wọ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n mi orí. Dádì, ẹ mọ ọkọ̀ mi, ó ti gbó, kò ní ohun tó ń ké lábẹ́ àga. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mi ò rí nǹkan kan. Ni mo bá na ọwọ́, mo fa bẹ́líìtì, mo dè é, a sì wakọ̀ bọ̀ wálé. Ṣé ẹ bá wa wá?

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ.