Màmá Leonora Tisdale, Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Fi Ayùn Gé Ilé Ọlọ́run sí Méjì

Ìdílé Tisdale kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ìyá wa.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1931 ni wọ́n bí Màmá ní Kettle Creek, ìpínlẹ̀ Wyoming, sínú ìdílé Amos àti Hester Buckner tí wọ́n ń sin àgùntàn. Bàbá bàbá Màmá wà lára àwọn tó gé igi páìnì lórí òkè, tí wọ́n fi ìtì rẹ̀ kọ́ Ilé Ìsìn Agnes Mímọ́ ti Ìjọ Episcopal, nígbà tí ìlú kò ju agbo ilé mélòó kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni àlùfáà ń wá, bí yìnyín bá gbà fún un.

Yìnyín kò gbà fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó Màmá ní 1952. Àwọn àlejò jẹun, wọ́n jó, wọ́n lọ sílé, ìyàwó kò tíì di ìyàwó. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àlùfáà tó dé, tó so wọ́n pọ̀ mọ́ Virgil Tisdale, káfíńtà, bàbá wa. Títí dọjọ́ ikú Bàbá ni wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó àwọn nìkan ni wọ́n ti jẹ kéèkì rẹ̀ tán kó tó sọ pé, "Mo gbà."

Màmá kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Laramie, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní ìṣirò títí di 1991. Àwọn náà ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà dé, tí àwọn tó ń fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín ṣeré rí òkè wa, ìlú gbèrú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé ìsìn kún, ojú fèrèsé ni àwọn mìíràn ti ń gbọ́ ìwàásù. Àwọn àlejò tó wá tẹ̀dó ní kí wọ́n wó ilé ìsìn náà, kí wọ́n kọ́ ńlá. Àwọn onílé ní àfi bí àwọn bá kú. Ìjọ fẹ́ pín. Níbi ìpàdé ọdún 1986, Màmá dìde.

"Ẹ fi ayùn gé e sí méjì."

Thaddeus Orcutt, alága ìgbìmọ̀ ìjọ, la ẹnu sílẹ̀. "Ìyáàfin Tisdale, ilé Ọlọ́run là ń sọ, kì í ṣe búrẹ́dì."

"Mo mọ̀. Bí àlejò bá pọ̀ nídìí tábìlì yín, ṣé ẹ máa ń dáná sun tábìlì ni? Ṣebí ẹ ó fà á sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó fi pákó sí àárín."

Ẹ̀rín sọ. Gbogbo ojú wá yí sí Bàbá tó jẹ́ káfíńtà. Bàbá họ orí. "Ó ṣeé ṣe o. Ṣùgbọ́n bó bá wó, ẹ má wá mi wá sílé o. Mo ti sá lọ."

Ìjọ gbà, wọ́n sì fi ayùn gé e. Lọ́jọ́ tí katakata fa apá ibi pẹpẹ, òrùlé ké, eruku sọ, kálukú sá. Màmá kò sá. Wọ́n fi épúróònù bojú.

"Virgil, ṣé ó ṣì dúró?"

"Ó dúró gbọn-in. Ìwọ ni ò ń gbọ̀n."

Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, àlùfáà wà lápá kan, ìjọ wà lápá kejì, koríko àti ojú ọ̀run wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ kan, màlúù kan àti ọmọ rẹ̀ rọra gba àárín ìwàásù kọjá. Àlùfáà dúró dè wọ́n.

Kí yìnyín tó dé, wọ́n ti kọ́ àárín tuntun. Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ rẹ̀, Màmá fi ìjókòó ìdílé Buckner níwájú sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó láàárín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Consuelo Arriaga, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Inú bí Permelia, ẹ̀gbọ́n wọn.

"Leonora, o fi ìjókòó bàbá wa sílẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àyè ti gbà yín báyìí. Ẹ na ẹsẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Màmá àti Consuelo ti di ọ̀rẹ́ tí ojú wọn kì í kan ojú kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Bàbá Virgil lọ ní 2003. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Màmá sinmi ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ Consuelo.

Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn Permelia sáyé, àti àwọn ọmọ wọn, Clement, Rosalind àti Jerome, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́rin, pẹ̀lú ìjọ tí kò pín.

Màmá, ẹ ṣeun. Kí ilẹ̀ òkè yìí tutù lára yín. Ẹ sùn láàárín àwọn ènìyàn yín, títí ilẹ̀ àjíǹde yóò fi mọ́.