Ohun tí mo rán sí èjìká àwọn aládùúgbò mi

Ádímín, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí pákó kan náà tí a tẹ́ sórí omi ni gbogbo wa ń gbà kọjá níbí. Èmi ni mo rán ohun tó gbé ọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ dé àtìmọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Àárọ̀ òní ló gbé iṣẹ́ wá fún mi, ó jókòó sórí àpótí mi, ó sunkún, èmi náà bá a sunkún... irú èèyàn wo ni mo wá dà yìí? Ẹ ní sùúrù kí n tò ó bó ṣe tò, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, àlọ́ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ àdúgbò yìí dàgbà.

Aránṣọ ni mí. Aránṣọ pọ̀ lórí omi, ẹ má wulẹ̀ máa wá mi. Lápá Zion Pepe níbí ni mo wà, níbi tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó gba àárín pákó lọ bá ẹja nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ń ra ẹja lọ́wọ́ wa, àwọn náà ló ń ta yìnyín fún wa, ilé yìnyín wọn sì léfòó sí ẹnu odò tóóró tí gbogbo ọkọ̀ ní láti gbà kọjá. Nígbà tí ìjà odò bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará òdìkejì, tí wọ́n ń sun ọkọ̀, tí èèyàn ń já sómi, ilé-iṣẹ́ yìí kó láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Baálé kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ijó la jó. A tiẹ̀ gbàdúrà fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí àwọn tó ń jó ò mọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ mi ni jákẹ́ẹ̀tì náà ti kọ́kọ́ balẹ̀. Máníjà wọn ní kí n tú èjìká kọ̀ọ̀kan, kí n ki nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ bọ inú rẹ̀, kí n wá rán an padà kó má hàn. Táàgì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé kí ló ń ṣe, ó sì ṣàlàyé fún mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kò ní bátìrì, ṣe ló kàn sùn síbẹ̀, àmọ́ bó bá ti dé ìtòsí ẹ̀rọ tó wà lára ilé yìnyín, ẹ̀rọ yẹn á pè é nínú afẹ́fẹ́ bíi ti rédíò, táàgì á jẹ́ ẹ, á sì sọ orúkọ ẹni tó ni jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní nítorí olè ni. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí olè má baà gbọ́. Mo ní kò burú. Àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé kò yẹ kí àwọn náà gbọ́ ni? Ìyẹn ni n kò bi í.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ta mí nínú. Ìyé tó bí mi kọ́ mi, èmi náà sì fi kọ́ ọmọ gbogbo ilé, pé bí o bá wà lójú omi tí o gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu dé, máa wa ọkọ̀ rẹ lọ. Tí mo bá ń pàlọ́, tí mo dé ibi tí ohùn kan ti ń pe ọmọdébìnrin kan láti inú igbó etí omi, gbogbo àwọn ọmọ á fọwọ́ bo ẹnu wọn, àwọn kan á tún bo ti àbúrò wọn mọ́ ọn. Èmi yìí kan náà ni mo lọ rán ohun tó ń jẹ́ ìpè sí èjìká bàbá wọn! Ẹnu wọn dákẹ́, èjìká wọn ń dáhùn...

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti olè. Máníjà ló dúró níbi ìwọ̀n ẹja lọ́jọ́ kan, ó bi ọkùnrin kan pé ẹja tó gbé gba ẹnu odò lọ sápá Etikan, ta ló tà á fún. Ọkùnrin náà ò sì sọ fún ẹnì kankan pé òun lọ Etikan. Ẹnu yà á. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín: “Máníjà, àbí ẹja ló ń ṣòfófó fún yín ni?” Torí pé ó ta ẹja fún ẹlòmíràn, wọn ò ta yìnyín fún ọkùnrin yẹn lọ́sẹ̀ náà, ẹja rẹ̀ sì bàjẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn o.

Ohun kan wà tí máníjà ò mọ̀, torí kì í ṣe ará omi. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan omi kì í jẹ́ ti ẹnì kan. Àjẹ̀ ni, ike tí a fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ni, jákẹ́ẹ̀tì ni, orí ìkọ́ kan náà létí jẹ́tì tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó ń lọ á mú èyí tó sún mọ́ ọn, á sì dá a padà tó bá dé. A kì í bi í pé níbo ló ń lọ, kí omi má baà gbọ́.

Lóru ọjọ́ tí wọ́n dáná sun bóòtù ilé-iṣẹ́ náà lókè odò, àbúrò mi ọkùnrin ló wọ jákẹ́ẹ̀tì Orímisàn kọjá ẹnu odò. Orímisàn kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sáà máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo rí àbúrò mi nígbà tó ń kọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà padà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Kò lọ sun nǹkan kan. Ọmọ òdìkejì ni ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú oyún ló sá lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tí ìjà dé, ibẹ̀ ló bímọ sí, àbúrò mi sì ń yọ́ lọ wo ọmọ rẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún. Bí àwọn ọ̀dọ́ tiwa bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní òun ló ń kó ọ̀rọ̀ wa lọ bá ọ̀tá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lásìkò ìjà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn sọ́jà gúnlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ Orímisàn létí jẹ́tì. Ó jáde tòun ti àwọ̀n tó ń tún ṣe lọ́wọ́. Ó ní ilé lòun wà. Ìyàwó rẹ̀ ní ilé ló wà. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rí pé ó kọjá lásìkò tí iná ń jó. Wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ti ń wá ẹni tó dárúkọ rẹ̀, orí tíṣà tó wá láti apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì dà á lé, àlejò tí kò tíì mọ ọkọ̀ wà. Bó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, “Tíṣà, ṣé àwọn sọ́jà lo tún ń kọ́ ní orúkọ wa báyìí?” Ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Mo ń wò ó látojú fèrèsé...

Mo lọ bá máníjà. Ó ní, “Ìyé Aránṣọ, ẹ̀rọ kì í purọ́.” Mo ní aṣọ lẹ̀rọ yín rí, kò rí èèyàn. Ó ní ó dáa, kí n wá sọ ẹni tó wọ aṣọ. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo fẹ́ máa lọ. Ó wá rọra bi mí pé bí àwọn ará ibí bá gbọ́ nípa táàgì, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá, ọ̀dọ̀ òun tó ń gbé nínú ọgbà ni, àbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ni abẹ́rẹ́?

Bí mo bá sọ fún àbúrò mi, mo mọ̀ ọ́n, á lọ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Bí mo bá sọ fún ìlú pé táàgì wà níbẹ̀, wọ́n á bi mí pé ta ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá dákẹ́, Orímisàn á ṣẹ̀wọ̀n, tíṣà á kó lọ, gbogbo wa á sì máa wọ etí máníjà kiri lójú omi. Ṣé ọ̀nà kan wà tí n kò rí ni? Ṣé mo lè túdìí èyí kí n má túdìí àbúrò mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ṣé wọ́n lè fi jákẹ́ẹ̀tì ti èèyàn mọ́lé?

Iṣẹ́ tí ìyàwó Orímisàn gbé wá fún mi láàárọ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an. Wọ́n fẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ gba ojú omi lọ sí Igbókòdá, kò fọkàn tán bóòtù sọ́jà, wọ́n sì gbà kó mú jákẹ́ẹ̀tì wá fún un. Èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà ti ń já. Ó ní, “Ìyé, ẹ bá mi rán an kó le o, ọkọ mi ò gbọdọ̀ rì.” Mo ti tú u. Táàgì náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ṣé kí n jù ú sómi? Ṣé kí n rán an padà? Ṣé kí n gbé e lé obìnrin yìí lọ́wọ́?

Ó ti padà dé lórí pákó láti wá gba jákẹ́ẹ̀tì, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń pè mí, “Ìyé Aránṣọ! Ìyé Aránṣọ!” Mo rí ẹni tó ń pè mí o, n kò lè sọ pé n kò rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi... kí ni kí n dá a lóhùn?