Ère Tí Mo Tún Gbẹ́ Lẹ́yìn Tí Mo Ti Búra

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti há, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sabon Gari níbí ni wọ́n bí mi sí, ère ni mò ń gbẹ́, mo sì ń ta gìtá. Nígbà tí àwọn ṣójà gbàjọba, mo gbẹ́ ọ̀gá ṣójà kan tó ní ẹnu méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níkùn, ẹnu ikùn yẹn ń jẹ àwọn tó tò sórí ìlà fún ìrẹsì... mo tún kọ orin sí i, à ń kọ ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wá gbé mi! Wọ́n fi àáké la ère náà lójú mi. Bàbá ìyàwó mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Railway Quarters, ló búwọ́ lùwé kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀, pé bí mo bá tún dán irú ẹ̀ wò, òun ni kí wọ́n wá mú. Èmi náà búra pé ó parí.

Látìgbà náà, áńgẹ́lì ni mò ń gbẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Everybody happy. Àmọ́ ojú kan náà ni gbogbo áńgẹ́lì yẹn ní, mi ò lè mí... ṣé ẹ̀mí nìyẹn?

Mo wá tún bẹ̀rẹ̀, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbẹ́ ọkùnrin kan tó jókòó, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ni àyà ẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké ń yọjú níbẹ̀. Orin náà ti padà wá. Ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà ní Zaria, fẹ́ gbé e lọ síbi àfihàn, ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni lọ́rì máa dé. Mo ti gbà. Ìyàwó mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, bàbá ìyàwó mi ṣàdédé wọlé bá mi. Ó ní, “Ikon Allah! Agbára Ọlọ́run mà nìyí!” Ó wò ó títí. “Imú mi kọ́ nìyí?”

Mo wò ó... òótọ́ ni! Ojú bàbá ni mo ti ń gbẹ́, mi ò mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní màá fọ́ ọ.

“Má fọ́ ọ. Gbé e jáde. Mo ti dàgbà, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Ṣáà má sọ fún ọmọ mi.”

Kí leléyìí? Bí mo bá gbé e jáde, mo ti ta bàbá tó gbà mí là. Bí mo bá fọ́ ọ ńkọ́, ṣé màá tún lè gbẹ́ nǹkan kan láyé mi?

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi ní bàbá òun ti di aṣọ méjì àti bíbélì sínú báàgì kékeré, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi bi mí bóyá bàbá sọ ibi tó ń lọ fún mi. Mo ní rárá, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé àwọn tó máa wá mú un ló ń dúró dè. Ẹ jọ̀ọ́, kí lọ́rì yẹn tó dé, kí ni kí n ṣe?